Apá Irin fún Arúgbó

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kejì

Wíìlìbárò mọ́kàndínlógún lónìí. Mo kà wọ́n torí pé kò sí nǹkan mìíràn tí èèyàn lè fi orí ṣe nídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ń kó erùpẹ̀ láti ẹ̀yìn ọgbà màlúù lọ sí bèbè odò láti fi tún òkìtì tó ń dá omi dúró mọ, nígbà tí mo sì dúró wò ó nírọ̀lẹ́, ńṣe ló dà bíi pé ológbò kan ló yàgbẹ́ síbẹ̀ tó sì bò ó mọ́lẹ̀. Ibi tí omi ti já wọlé lọ́dún tó kọjá ṣì là sílẹ̀ gbayawu, ogójì ìṣísẹ̀ gbáko. Odò á kún nínú oṣù kẹrin. Tí mo bá ń bá a lọ bí mo ṣe ń ṣe yìí, màá parí rẹ̀ nígbà tí àgbàdo bá ti gbó.

Lọ́dún tó kọjá, àwa méjì la wà nídìí ẹ̀. Bàbá, ọkọ mi, ń wa tírákítọ̀, èmi ń fi ṣọ́bìrì tẹ́ erùpẹ̀. Síbẹ̀ náà, omi gbé ọmọ màlúù mẹ́ta lọ. Láti oṣù kẹwàá tí rọpárọsẹ̀ ti kọlu Bàbá, apá ọ̀tún rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀ kì í jẹ́ iṣẹ́ tó bá rán wọn mọ́. Àga ìdí fèrèsé ló ń gbé.

Bí mo ṣe ń bọ́ bàtà ni mo sọ fún un pé, "Mọ́kàndínlógún ni o." Ó wò mí. Mo wá dá ara mi lóhùn: "Ó mà pọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́."

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Mo fi àdá la ọ̀nà dé ibi tí apá pelódà, ẹ̀rọ tó ń bu erùpẹ̀, wà lẹ́yìn abà. Ọdún mẹ́fà rèé tí Bàbá ti rà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ afọ́kùúta kan tó ń kógbá wọlé. Ó ní òun á gbé e sí iwájú Arúgbó, tírákítọ̀ wa, kó lè máa bu erùpẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló fi ń sọ pé "ó di ẹ̀yìn ìkórè yìí."

Adìyẹ kan ti yé ẹyin mẹ́rin sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Mo kó wọn. Apá méjèèjì kò tẹ̀. Sílíńdà tó ń tì wọ́n sókè ti dógùn-ún níta, ṣùgbọ́n nígbà tí mo nu ọ̀pá inú rẹ̀, ó ń dán bíi ṣíbí. Mo jókòó sórí irin náà, mo jẹ búrẹ́dì mi níbẹ̀. Ibẹ̀ dùn ún jókòó sí ju inú ilé lọ. Ọlọ́run má bínú sí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Wẹ́dà dé. Máwòó ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí pé ohun tó máa ń kígbe nìyẹn kó tó tan iná. Ó yí Arúgbó po lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ẹsẹ̀ ta táyà.

"Màmá, ẹ̀rọ yìí dàgbà jù mí lọ."

"Ó dàgbà jù ẹ́ lọ lóòótọ́, àárọ̀ ló sì ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Aago mọ́kànlá ni Máwòó dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi okùn wọn apá náà. Kì í ṣe irú tírákítọ̀ wa ni wọ́n ṣe é fún, ó fi ìbú ọwọ́ méjì fẹ̀ jù. Ó ní ìyẹn kì í ṣe ìṣòro. Ihò bóòtù ti wà níwájú Arúgbó, òmíràn sì wà láàárín, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì. Òun á gé irin pẹlẹbẹ, òun á dè é mọ́ ojú ihò wọ̀nyẹn, òun á sì gbé apá náà kọ́ ọn. Epo tó ń fi agbára ti irin ẹ̀yìn Arúgbó sókè náà la ó fi họ́ọ̀sì fà wá síwájú.

Mo bi í pé, "Ṣé ibi tí o fẹ́ dè é mọ́ yẹn á gbà á?"

"Màmá, irin ni."

Lẹ́yìn náà ló bèèrè ẹni tó máa wà á. Mo ní èmi ni. Ó wo fèrèsé ilé, ó wò mí, ó wá ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní, "Kò burú."

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọjọ́ nọ́ọ̀sì. Ó na apá Bàbá, ó tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kó sọ "àà," kó sọ "oo." Kò sí ohun tó jáde ju èémí lọ.

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo rẹ̀ pátá ni wọ́n ń gbọ́."

Mi ò jiyàn. Ta ni mo tún ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀? Mo ń sọ ti màlúù, mo ń sọ ti ojú ọjọ́, mo ń sọ iye tí wọ́n ń ta gíríìsì, títí ohùn mi fi dà bíi rédíò tí wọ́n gbàgbé láti pa. Tẹ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń ní kó jẹ́ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó máa ń sọ̀rọ̀ lórí tírákítọ̀, ó máa ń sọ̀rọ̀ nínú balùwẹ̀. Ó tilẹ̀ máa ń bá bóòtù jà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo sún àga Bàbá mọ́ fèrèsé kó lè rí wa dáadáa. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn.

Máwòó gé irin, ó lu ihò, ó jó wọn pọ̀. Èmi ni mo ń gbé irin dání fún un, mo yí ojú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó fẹ́ de ti àárín mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo gbọ́ tí nǹkan ń lu gìmgìm nínú ilé. Mo sáré wọlé. Bàbá ni. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló fi ń lu ògiri, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń ké, ìró kan ṣoṣo tí kò ní orí tí kò ní ìdí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó já a gbà.

Mo mọ̀ pé òun ló ni tírákítọ̀. Mo mọ̀ pé òun ló fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ni kí n ṣe? Kí n jókòó, kí omi wá gbé wa?

Mo yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri, mo tan rédíò fún un, mo padà síta. Máwòó wo ojú mi, ó ní kí n lọ mu omi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Yàtọ̀ sí nọ́ọ̀sì tó kí mi "ẹ kú ilé," tó tún kí mi "ó dàbọ̀," kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ó gbé e! Mo fa ọ̀pá ọwọ́, apá méjèèjì gbéra nílẹ̀ jẹ́jẹ́, bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì ga ju orí mi lọ. Máwòó pàtẹ́wọ́. Mo bu erùpẹ̀, mo gbé e lọ sí odò, mo dà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yẹn tó wíìlìbárò méje. Mo kígbe lórí tírákítọ̀ bí ọmọdé.

Nígbà tí mo wọlé láti sọ fún Bàbá, ó yí ojú rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo gbé oúnjẹ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo lọ jẹ tèmi nínú abà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá. Òkìtì náà ti ń ní ìrísí. Ṣùgbọ́n sìtíárìn wúwo débi pé apá mi kò fẹ́ gbé ife mọ́, bí mo bá sì bu erùpẹ̀ tó kún, táyà ẹ̀yìn máa ń fẹ́ fò kúrò nílẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan, gbogbo Arúgbó tẹ̀ síwájú díẹ̀. Mo ń bu ìlàjì báyìí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta

Ó ti ṣẹlẹ̀.

Mo gbé ẹrù sókè, táyà iwájú bọ́ sínú kòtò kékeré kan, mo gbọ́ "pàà!" lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Apá òsì rọ̀ sílẹ̀ bí apá ẹni tó rẹ̀. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo sọ̀ kalẹ̀. Bóòtù méjì ti já. Irin pẹlẹbẹ tí Máwòó jó ti ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé epo ń sun níbi tí ẹ́ńjìnnì ti pàdé gíábọ́ọ̀sì. Mo fi ìka nù ún, ó tún sun.

Máwòó wá ní ọ̀sán. Ó dọ̀bálẹ̀ wọ abẹ́ Arúgbó, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, kò sọ pé irin ni.

"Màmá, ká dúpẹ́. Díẹ̀ ló kù kí Arúgbó dá sí méjì. Bó bá dá, kò sí ẹni tó lè tún un ṣe."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó."

Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Gbogbo ẹni tó bá ti ní òun fẹ́ lọ rò ó, mo ti mọ bí ẹ̀yìn wọn ṣe ń rí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta

Ọmọbìnrin wa pè láti ìlú ńlá.

"Màámi, ẹ ta màlúù. Ẹ ta ilẹ̀ náà. Yàrá kan wà lọ́dọ̀ mi, ilé ìwòsàn ò sì jìnnà. Kí lẹ̀ ń dúró dè níbẹ̀ gan-an?"

Mo ní mo ń dúró kí odò kún kó sì fà. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pariwo lẹ́yìn, tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, tí abọ́ ń kan abọ́. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú ariwo yẹn nínú ilé. Ó ku díẹ̀ kí n sọ pé "wá kó wa." Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín mi.

Mo ní, "Màá pè ẹ́ padà." Mi ò pè.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo gbọ́dọ̀ kọ ti òní bó ṣe rí gan-an.

Mo gbé irin tó ya náà wọlé, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ búrẹ́dì. Bóyá mo fẹ́ kó rí i pé mo ti ba nǹkan jẹ́, kó bínú ẹ̀ tán. Mo ní, "Ó ti já. Ẹ wò ó. Inú yín dùn báyìí?" Ohùn mi kò dára. Mo kábàámọ̀ ẹ̀ kó tó jáde tán.

Kò bínú. Ó fi ọwọ́ òsì fa irin náà sọ́dọ̀, ó fi àtàńpàkò tọ ojú ibi tó ti ya, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ọgbẹ́ ọmọ. Ó wá wò mí, ó gbé ìka méjì pọ̀, ó ń mì wọ́n lórí tábìlì. Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ó fẹ́ kọ nǹkan. Láti oṣù kẹwàá, kò sí ẹni tó rò pé ká fún un ní pẹ́ńsù, torí pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé.

Mo fún un ní èyí tí mo fi ń kọ ìwé yìí, pẹ̀lú ẹ̀yìn páálí ṣúgà. Ó ya róbótó kékeré kan. Ó ya róbótó ńlá kan sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìlà náà wọ́, ó sì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n: táyà iwájú, táyà ẹ̀yìn. Ó ya apá níwájú. Ó wá fi pẹ́ńsù kan àárín, ibi tí Máwòó de irin mọ́, ó sì fi ìlà méjì pa á rẹ́ tagbáratagbára títí páálí fi lu. Lẹ́yìn náà, ó fa ìlà gígùn kan láti ìdí apá, ó gba abẹ́ ikùn Arúgbó kọjá, ó fà á dé ásù ẹ̀yìn, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ó yà á lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀tún àti òsì. Ní ìdí Arúgbó pátápátá, ó ya àpótí kan, ó sì kùn ún dúdú. Ẹrù tí á máa tẹ ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó ń lu ògiri fún nìyẹn lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún. Kì í ṣe pé mo fọwọ́ kan tírákítọ̀ rẹ̀. Ó ń sọ fún mi pé àárín kò lè gbà á, pé ẹ̀yìn ló yẹ kó ru ú. Èmi ni mo yí i kọjú sí ògiri.

Mo kúnlẹ̀, mo gbé orí lé itan rẹ̀. Kò lè sọ pé kò burú. Ó fi pẹ́ńsù kàn mí lórí.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Mo sọ fún nọ́ọ̀sì. Ó wo páálí ṣúgà náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo sọ fún yín. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ ò tíì gbọ́ èdè wọn." Ó ní kí n máa fún un ní pẹ́ńsù lójoojúmọ́, kí n má sì jẹ́ kó sinmi lórí "àà" àti "oo."

Mo pe Máwòó. Kò gbé e. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Mo wọ ọkọ̀ lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó rí mi, ó ṣe bíi pé ó ń wá nǹkan lábẹ́ tábìlì. Mo na páálí ṣúgà sí i níbẹ̀.

Ó wò ó. Ó yí i. Ó dìde dúró.

"Ta ló ya èyí?"

"Ọkọ mi."

"Bàbá tí kò lè..." Kò parí ẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́. "Ojú ń tì mí, Màmá. Ìdí tí mi ò fi gbé fóònù nìyẹn. Mo lọ rò ó lóòótọ́, kò sí nǹkan tó wá sí mi lórí."

Ó ní òun mọ ibi tí irin gígùn tó nípọn wà, èyí tí wọ́n yọ kúrò lábẹ́ ọkọ̀ ńlá tó jóná. Ọjọ́ Ajé ni òun máa kó o dé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Àga Bàbá ti wà níta báyìí, lábẹ́ òrùlé abà, pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì lórí orúnkún. A tú gbogbo iṣẹ́ àkọ́kọ́ palẹ̀. Máwòó de bóòtù àárín padà, ó fi rọ́bà tuntun tó ń dí epo sí i, epo sì dá.

Irin gígùn méjèèjì ti wà nílẹ̀. Kí Máwòó tó jó ohunkóhun, ó máa ń gbé e síbi tó yẹ, á wá yíjú sí òrùlé abà: "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀?" Bí Bàbá bá gbé ọwọ́ òsì sókè, a dúró. Bó bá sọ ọ́ kalẹ̀, à ń bá a lọ. Lónìí, ó gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Máwòó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ gan-an kò yọ òun lẹ́nu tó báyìí.

Òun nìkan kọ́. Èmi náà, ó ní kí n tún irin tí mo fi ọwọ́ ara mi nù nù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ọ̀tún ti dé ásù ẹ̀yìn. Máwòó jó àwọn etí irin onígun mẹ́ta sí gbogbo orígun rẹ̀ kó má bàa tẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ bọ́ ní ìrọ̀lẹ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n gbogbo wa mẹ́ta la gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ ogún

Òsì náà ti parí. Irin ìdábùú kan so àwọn méjèèjì pọ̀ lábẹ́ ikùn. Owó epo tún ti gbéra. Mo ra jálá kan dípò méjì. A da kọ́ńkéré sínú ìdajì dúrọ́ọ̀mù, a ri irin ìkọ́ mọ́ ọn, èyí ni a máa fi gbé e kọ́ ẹ̀yìn Arúgbó. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta. Odò ti pọ́n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo bu erùpẹ̀ kún bọ́kẹ́ẹ̀tì bámúbámú. Mo gbé e. Ẹ̀yìn kò fò. Àárín kò dún. Mo gba orí kòtò kọjá, gbogbo rẹ̀ rìn papọ̀ bí ara kan ṣoṣo. Máwòó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ wò ó, ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àga Bàbá.

Ó ní òun ò ní gba owó iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó juwọ́ sí wa. Nígbà tí ariwo ọkọ̀ rẹ̀ dópin, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé mo ti fẹ́ràn kó máa sọ pé "Màmá, ẹ má wò ó."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ọgbọ̀n

Ọjọ́ mẹ́fà lórí Arúgbó. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mo ń bu, mo ń gbé, mo ń dà. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí mo ń rò, mo sì rí i pé mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Mo ń jẹun lórí ìdúró. Ilẹ̀ tútù kò jẹ́ kí àga Bàbá lè jáde mọ́, fèrèsé ni mo ń bá a sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, mo ń fi ìka sọ iye tí mo ti kó. Nínú ilé, kò sí agbára kankan tó kù fún mi láti sọ ohunkóhun. Òun kò lè sọ̀rọ̀, èmi kò fẹ́ sọ̀rọ̀. À ń wo ara wa bí èrò méjì tó ń dúró de ọkọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́jọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin

Òjò láti àná. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló kù. Ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí táyà dúró.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi gbọ́ pé ìró odò ti yí padà. Kò hó mọ́, ńṣe ló ń kùn. Mo jáde. Omi ti dé ìbàdí òkìtì. Ní ibi ìṣísẹ̀ mẹ́ta yẹn, tí mo fi ṣọ́bìrì dí lánàá, ó ti ń gba abẹ́ wọlé, tínrín bí omi ẹnu kẹ́tùlù.

Nọ́ọ̀sì pè pé omi ti gba ojú ọ̀nà, òun ò lè wá. Mo pe Máwòó, òun náà wà ní òdìkejì. Ó ń pariwo lórí fóònù pé, "Màmá, ẹ má gba etí òkìtì! Ẹ dúró sẹ́yìn, apá ẹ̀ gùn!" Mo gbé Bàbá sí ìdí fèrèsé tó kọjú sí odò, mo so fóònù mọ́ ọrùn rẹ̀ kó lè tẹ̀ ẹ́ bí nǹkan bá ṣe mí, mo jáde.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, omi gbé e lọ. Ìkejì, ó gbé e lọ. Mo ń dà á, ó ń lọ, bíi pé mo ń fún ẹni tí kì í yó lóúnjẹ. Nígbà tó di ìkarùn-ún, mo fi orí lé sìtíárìn, mo sunkún. Kò sí ẹni tó máa gbọ́ mi, kí ni mo fẹ́ máa fi pamọ́? Mo wá rí òkúta ìpìlẹ̀ abà àtijọ́ tó wó. Mo yí Arúgbó padà. Òkúta ńlá ni, irú èyí tí ọkùnrin mẹ́rin kò lè mì. Mo ti bọ́kẹ́ẹ̀tì bọ abẹ́ ẹ̀, mo fa ọ̀pá ọwọ́. Ẹ́ńjìnnì kérora. Mo ń retí "pàà" yẹn. Gbogbo ara mi ló ń retí ẹ̀. Kò dún. Òkúta gbéra.

Mo jù ú sí ẹnu ihò náà. Ó dúró. Mo ju òmíràn. Mo wá da erùpẹ̀ lé e, mo fi ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì tẹ̀ ẹ́, mo tún dà. Lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ yọ̀ lábẹ́ táyà iwájú, Arúgbó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún lọ sínú omi pẹ̀lú mi lórí. Kọ́ńkéré ẹ̀yìn ló dì í mú. Mo fi jíà ẹ̀yìn fà á jáde, ẹnu mi ń sọ ohun tí mi ò lè kọ síbí.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Aago méjì ọ̀sán ni omi náà dẹ́kun àtiwọlé. Ó gbé ẹ̀wà tí mo gbìn sí ìta òkìtì lọ, gbogbo rẹ̀ pátá. Màlúù kankan kò lọ.

Nígbà tí mo wọlé, Bàbá ti fi ọwọ́ òsì fa ìlà sára fèrèsé tó rin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo kà wọ́n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà

Omi ti ń fà. Oòrùn yọ. Ọmọ wa pè, mo sọ fún un. Kò dárúkọ pé ká ta nǹkan. Ó ní òun ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ajé, òun àti àwọn ọmọ.

Mo gbé Bàbá jáde sí oòrùn, mo sì ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára Arúgbó. Bí mo ṣe kẹ́yìn sí i ni mo gbọ́ ọ.

"Jo."

Àkísà bọ́ lọ́wọ́ mi. Oṣù kẹfà rèé tí mi ò ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Mo sáré lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀. "Kí lẹ wí?"

"Jo."

Ahọ́n rẹ̀ kò tíì lè gbé ohùn ròkè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí náà mi ò mọ èwo ni. Mo ṣáà gbọ́ ọ ní "jọ̀ọ́." Mo rò pé ó ń bẹ̀ mí. Gbogbo nǹkan tú jáde lẹ́nu mi. Mo ní kó má bẹ̀ mí, èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ti àga tí mo yí sí ògiri. Mo sọ pé ó ku díẹ̀ kí n ní kí ọmọ wá kó wa. Mo sọ pé ó ti sú mi láti máa dá sọ̀rọ̀, kí n sì máa dá ara mi lóhùn, pé nígbà mìíràn mo máa ń dúró sínú abà torí pé ibẹ̀ dákẹ́ nítorí pé kò sí èèyàn níbẹ̀, kì í ṣe bíi ti inú ilé tó dákẹ́ tòun ti èèyàn.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó mi orí, bó ṣe máa ń mì í tẹ́lẹ̀ tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn jù. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó nà án kọjá èjìká mi.

"Jo!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Epo ń kán láti ẹnu họ́ọ̀sì òsì Arúgbó, tó, tó, tó, sórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ti tó abọ́ kan.

"Ó ń jò!"

Ó mí kanlẹ̀, bí ẹni tó ti ń pe èèyàn láti òdìkejì odò láti àárọ̀. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sínú ẹrẹ̀, òun náà ń fi ìlàjì ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo mú sípánà, mo fún nọ́ọ̀tù náà pa. Kò kán mọ́.

Mo nu ọwọ́ mi, mo fẹ́ lọ fún màlúù lómi. Ó di etí aṣọ mi mú.

"Jo."

Mo wo họ́ọ̀sì. Ó gbẹ. Mo wo ojú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ń wá ìyókù ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń fi ọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. Mi ò bá a sọ ọ́. Mo dúró.

"Kó," ni ó wí. Ó fi ọwọ́ lu àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Màlúù ń ké. Mo jókòó.